Sweet Home 3D ni mo mú: sọ́fítíwíà àwòrán ilé fún àwa agbaṣẹ́ṣe kéékèèké

Ilé gbígbé ni mò ń kọ́ fáwọn èèyàn ní Ìbàdàn, yàrá mẹ́ta, yàrá mẹ́rin. Mi ò ní ayàwòrán tí mò ń sanwó oṣù fún. Tí mo bá ń yẹ sọ́fítíwíà àwòrán ilé wò, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wádìí ni bóyá á ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ dáa níbi tá a ti ń kọ́lé. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń béèrè iye tó jẹ́.

Sweet Home 3D ló borí. Ọ̀fẹ́ ni. Emmanuel Puybaret, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, láti 2006 ló sì ti wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tán, kò ní máa jẹ dátà yín. Apá òsì ni bẹ́ẹ̀dì, àga, ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà. Lápá ọ̀tún, òkè lẹ ó ti máa fa ògiri, ìsàlẹ̀ ni ilé náà á ti máa dìde bẹ́ ẹ ṣe ń yà á.

Kí n tó fa nǹkan kan, mo máa ń yí ìnípọn ògiri padà. Èyí tó bá a wá ti tín-ín-rín jù fún ilé tiwa. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án là ń lò, ìyẹn mìlímítà 225, òun ni mo sì ń tẹ̀ sí i. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Oníbàárà á ní yàrá 12 by 12 lòun fẹ́. Tẹ́ ẹ bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 12 yẹn láti àárín ògiri kan sí àárín ìkejì, ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 3 ló kù nínú yàrá, pílásítà ò sì tíì gba tiẹ̀. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì 6 by 6 sí i, kẹ́ ẹ wá gbé wọ́dúróòbù tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì kọjú sí i, ọ̀nà tó kù kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́ta lọ. Sọ́fítíwíà yìí máa ń ya ibi tí ilẹ̀kùn á gbà ṣí, nítorí náà ojú ẹsẹ̀ lẹ ó ti rí i bí ilẹ̀kùn bá fẹ́ lọ gbá wọ́dúróòbù.

Ó tún láǹfààní fẹ́ni tí kò mọ pláànù kà. Mò ń bá obìnrin kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀n kọ́lé sí Mọníyà. Mo fi àwòrán kíṣìnì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, bí ẹni tó dúró sínú ilé ṣe máa rí i. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àtẹ̀gùn méjì yẹn ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Orúnkún ń dun màmá mi o.” Àtẹ̀gùn yẹn ti kúrò nínú pláànù kí birikìlà tó gbé síbí dání.

Òrùlé ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Páràpẹ́ẹ̀tì rọrùn, ògiri náà ṣáà ni, ṣùgbọ́n òrùlé tó dagun síhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Fọ́tò tó bá mọ́ kedere sì máa ń pẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára, ẹ rí i pé iná wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Tó bá di ti òrùlé, sọ́fítíwíà míì tó ń jẹ́ SketchUp ni bàbá ẹ̀. Ẹ ya igun mẹ́rin, ẹ fà á sókè, ẹ tẹ ìwọ̀n, ó ti di ògiri. Àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fàyè gbà á kéèyàn fi ṣiṣẹ́ owó. Ọdọọdún là ń san ti Pro, ìyẹn SketchUp tí wọ́n ń tà, dọ́là sì ni. Látìgbà tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023, irú owó bẹ́ẹ̀ gba ìrònú. Ẹni tí iṣẹ́ bá ń wọlé fún déédéé lè rà á, torí LayOut tó bá a wá ń tẹ pláànù oníwọ̀n jáde dáadáa.

AutoCAD ní tiẹ̀, láti 1982 ló ti wà, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé sì ni. Láti 2016 ni wọn ò ti tà á mọ́ kéèyàn rà á lẹ́ẹ̀kan kó di tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ nílò kò ju kẹ́ ẹ lè ṣí fáìlì DWG tí ayàwòrán bá fi ránṣẹ́. DWG TrueView ń ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Windows. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi èyí tí wọ́n jí sórí láptọ́ọ̀pù. Fáírọ́ọ̀sì tó bá bá a wọlé lè kó gbogbo fáìlì oníbàárà yín lọ.

Àwòrán Sweet Home 3D kọ́ lẹ ó gbé lọ gba àṣẹ ìkọ́lé o. Ayàwòrán-ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ẹnjiníà tí COREN, ìgbìmọ̀ tàwọn ẹnjiníà, mọ̀ ló ń fọwọ́ sí ìyẹn. Èmi ń lò ó láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kí n sì fi han birikìlà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde fún birikìlà, ẹ yan 1:100, ìyẹn ni pé mítà kan nílẹ̀ á di sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà, orí bébà A3 sì ni. Plọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 by 100 á gba mìlímítà 152 sí 305 lórí bébà. A4 kò gùn ju mìlímítà 297 lọ, kò lè gbà á.