LinkedIn fún àwa tá a wà l'Àkúrẹ́: ibi tí wọ́n kọ Alumni sí yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀

Ohun tá a máa ń sọ níbí ni pé a ò mọ ẹnikẹ́ni, pé Èkó làwọn èèyàn wà, àfi kéèyàn ní ẹ̀gbọ́n kan ní Alágbaka, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba wà, kó tó ríṣẹ́. Ó kúkú rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ LinkedIn, ìkànnì táwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọ ara wọn, ẹ tẹ orúkọ ilé ìwé yín, tèmi ni FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́ níbí, kẹ́ ẹ wá tẹ Alumni, á to àwọn tó ti jáde níbẹ̀ síta fún yín, ẹ lè fi ìlú ṣà wọ́n, ẹ lè fi ilé iṣẹ́ tàbí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ṣà wọ́n. Láti 1981 tí wọ́n ti dá FUTA sílẹ̀, ẹ wo iye èèyàn tó ti gba North Gate jáde! Ọ̀fẹ́ ni o, dátà nìkan ló ń jẹ.

Ẹ má tọrọ iṣẹ́ sá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, wọ́n á kàn fi CV ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò kí rí. Ohun témi kọ sí ẹ̀gbọ́n kan rèé: "Ẹ káàsán mà, FUTA lèmi náà ti jáde, Geology. Mo rí i pé ìdí iṣẹ́ wíwá omi abẹ́ ilẹ̀ lẹ wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè fi ogún ìṣẹ́jú bi yín bí iṣẹ́ náà ṣe rí? Mi ò wáṣẹ́ lọ́wọ́ yín." Wọ́n dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ṣebí orí àpáta l'Àkúrẹ́ wà, ibi tí àpáta bá ti sán lábẹ́ ilẹ̀ lomi máa ń wà, àyẹ̀wò ló sì ń fi hàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni kéèyàn máa bẹ onílé kó sanwó àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbẹ́ borehole. Ta ló sọ ìyẹn fún wa ní kíláàsì? Nígbà tá a fẹ́ parí, mo ní ta ni wọ́n rò pé ó tún yẹ kí n bá sọ̀rọ̀, wọ́n dárúkọ èèyàn méjì, wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ló rán mi. Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé, àti kẹ́ ẹ kọ̀wé dúpẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Alumni orí LinkedIn yìí. Tẹ́ ò bá sanwó Premium, iye ẹni tẹ́ ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ mọ́ invitation (ìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ní kí wọ́n gbà yín mọ́ra lórí ẹ̀) fún lóṣù ò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ kúrú, torí náà ẹ fi kíkí gígùn sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ministry tiẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀, WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti máa rí wọn. Àwọn kan wà nígboro tó ń gbowó láti bá èèyàn kọ mẹ́sẹ̀jì yìí, mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ, lẹ́tà ìwáṣẹ́ pátápátá ni, ẹ má náwó yín síbẹ̀ jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde l'Akùngbá, AAUA náà wà lórí ẹ̀.