Regulation tàbí guideline: èwo ló dè yín?

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Wuse, l'Ábújá, ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò. Regulation máa ń sọ abala òfin tó fún un lágbára, ó sì máa ń ní nọ́ńbà Gàsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba. Òfin nìyẹn. Guideline lásán kàn ń sọ bí àjọ ìjọba ṣe lóye òfin ni. Ó wúlò, ẹ má sọ ọ́ nù, àmọ́ kò lè dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun sílẹ̀: abala 36(12) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 ní a ò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn àyàfi tí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá là á àti ìjìyà rẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ máa ń tan ni jẹ: guideline tí òfin fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí àjọ ṣe lè de ni. Nítorí náà, ẹ béèrè abala òfin tó fún ìwé náà lágbára kí ẹ tó san owó tí wọ́n bá ní kí ẹ san.