Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun máa "flash" fóònù yín kí òun tó kó fáìlì inú rẹ̀ jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó gbé fóònù tójú rẹ̀ fọ́ fún ẹnikẹ́ni nígboro yìí. Flash ni kí wọ́n tún sọ́fítíwíà inú fóònù kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àǹtí mi kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Ìgbọ̀nà ni fóònù já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú rẹ̀ fọ́, kò tan mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá pè é, ó ń dún. Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ wọ́n lówó aṣọ wà nínú rẹ̀, fídíò ìsìnkú ìyá wọn náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá tí wọ́n gbé e lọ bá ní panel, ìyẹn ojú fóònù, tó kú ti pa nǹkan inú fóònù rẹ́, àfi kí òun fi sọ́fítíwíà kan fà á jáde. Ó gba àsansílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ PIN sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fowó kún owó. Nígbà tó máa gbé fóònù jáde, ojú tuntun ti wà lára rẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Ó ní òun sa gbogbo ipá òun, kò bọ́ sí i. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Irọ́ ló pa fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú fóònù kì í tọ́jú nǹkan kan. Àwòrán, fídíò, nọ́ńbà, orí bọ́ọ̀dù inú lọ́hùn-ún ni gbogbo rẹ̀ wà. Fóònù tó ṣì ń dún, tó ń gbọ̀n, tó ń gba iná, kò sí ìdí tí fáìlì inú rẹ̀ fi máa sọnù nítorí pé ojú fọ́.

Reset, ìyẹn dídá fóònù padà sí bó ṣe wà nígbà tó jẹ́ tuntun, tàbí flash tó ń nu inú fóònù, ló ń pa fáìlì rẹ́. Láti orí Android 10, tó jáde ní 2019, dandan ni kí fóònù tuntun máa fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ti nǹkan inú rẹ̀ pa. iPhone ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Tí wọ́n bá ti reset fóònù, kọ́kọ́rọ́ yẹn parẹ́ nìyẹn. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá a padà, ì báà jẹ́ Ìkẹjà ni wọ́n ti rà á.

Àwọn olóòótọ́ pọ̀ nínú àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́dọ̀ wa, n kò ní bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ohun tí olóòótọ́ máa ṣe ni pé á so panel mìíràn mọ́ fóònù láìtíì lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ̀yin fúnra yín á tẹ PIN yín níṣojú rẹ̀, ẹ ó kó nǹkan yín sórí kọ̀ǹpútà, kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe tó kàn. Tí ojú bá ṣì ń tàn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ìka mọ́, ẹ má tíì lọ síbì kankan. Ẹ ra OTG, ohun kékeré tó ń so nǹkan USB mọ́ fóònù, ẹ ki máòsì kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi OTG náà bọ ibi tí ẹ ti ń ṣáàjì. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ọfà kékeré á yọ, ẹ ó sì máa fi tẹ ohun tí ẹ bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ Samsung Galaxy S láti S8 wá lè gbé ojú rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn pẹ̀lú wáyà USB-C sí HDMI. Ẹ tún fi íméèlì yín wọ Google Photos lórí fóònù mìíràn, àwòrán yín lè ti wà níbẹ̀.

Ẹ yọ SIM àti mẹ́mọ́rì kí ẹ tó gbé fóònù kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orí SIM yẹn ni OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ kí owó tó jáde, ń wọlé sí. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́, tó tún mọ PIN fóònù yín, ó ti sún mọ́ owó yín jù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé: "Ṣé ẹ máa reset ẹ̀?" Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun kò ní pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Rìsíìtì yẹn lẹ máa mú lọ bá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, tí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà.

Tí fóònù yín bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dárúkọ flash fún yín báyìí, ẹ lọ gbà á lónìí, kódà tí ẹ bá máa pàdánù àsansílẹ̀.