PS4, PS5, Xbox Series S tàbí Switch: èwo ni ẹni méjì lè gbá pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kan?

Bí ẹ bá fẹ́ ti Ìkòròdú wọkọ̀ lọ sí Computer Village lọ ra ẹ̀rọ géèmù fún àwọn ọmọ, ẹ má tíì nájà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè: èèyàn mélòó ló lè gbá géèmù yìí lórí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo? "Ẹni méjì" tí wọ́n kọ sára páálí lè jẹ́ ẹni méjì tí kálukú ní ẹ̀rọ tirẹ̀, dátà tirẹ̀ àti owó oṣooṣù tirẹ̀.

Split-screen, ìyẹn kí ojú tẹlifíṣọ̀n pín kí kálukú máa wo apá tirẹ̀, ti pẹ́. Ní 1997, ẹni mẹ́rin ń fi Nintendo 64 gbá GoldenEye 007 pọ̀. Lónìí, Forza Horizon 5 kò ní in rárá. Halo Infinite ṣèlérí rẹ̀ fún apá ìtàn, wọ́n wọ́gi lé e ní 2022. Tí ojú bá pín sí méjì, ẹ̀rọ ní láti ya àwòrán lẹ́ẹ̀mejì. Bí Táyé bá wà nínú igbó tí Kẹ́hìndé wà létí òkun, igbó àti òkun gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́mọ́rì pọ̀; bí agbára ẹ̀rọ kò bá tó, àwòrán á máa fà. Lójú tiwa, àwọn ọmọ ìyá méjì tó fẹ́ jókòó sórí ẹní kan ni wọ́n fi èyí dù ní nǹkan, ó sì dùn wá.

Bọ́ọ̀lù àti ìjà yàtọ̀. EA FC àti Tekken 8 kò pín ojú, nítorí àwòrán kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń wò. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni, PS4 tòkunbọ̀ tó.

PS4 ọ̀hún ló sì dára jù fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀. A Way Out àti It Takes Two wà lórí rẹ̀, ẹni méjì ni wọ́n ṣe méjèèjì fún.

PS5 lágbára jù ú lọ. Gran Turismo 7 lè pín ojú fún ẹni mẹ́rin lórí rẹ̀. Àmọ́ páàdì ni kí ẹ ṣọ́. Páàdì PS4 á tanná lára PS5, á máa rìn lórí ojú ìwé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí géèmù PS5 bá ti ṣí, kò ní ṣiṣẹ́. Géèmù PS4 nìkan lẹ lè fi gbá lórí ẹ̀rọ yẹn. Nítorí náà, ẹ fi owó DualSense kejì, ìyẹn páàdì PS5, kún ìṣirò yín.

Xbox Series S kò rí bẹ́ẹ̀: páàdì Xbox One ń bá a ṣiṣẹ́, bátìrì AA méjì ló ń lò. Iná tó ń jẹ nígbà eré tó wáàtì 80, PS5 sì lè tó 200, ìyàtọ̀ ńlá fún ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré. Àbùkù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Kò ní ihò sìdíì, dátà lẹ ó fi gba gbogbo géèmù, òmíràn sì ju 100GB lọ. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ 10GB ni, ti Series X, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lágbára jù, jẹ́ 16GB. Ìdí nìyẹn tí Baldur's Gate 3 fi dé orí Series S ní December 2023 láìní split-screen, tó fi jẹ́ pé 2025 ni wọ́n tó fi kún un.

Switch: Joy-Con rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn páàdì kéékèèké tó bá a wá, ti jẹ́ páàdì méjì. Mario Kart 8 Deluxe gba ẹni mẹ́rin. Ẹ má ra Switch Lite, kì í wọ tẹlifíṣọ̀n.

Fortnite ń pín ojú fún ẹni méjì lórí PlayStation àti Xbox, ṣùgbọ́n kálukú gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ Epic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ wà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n so páàdì méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ níṣojú yín. Bí wáyà bá ń fún páàdì PlayStation níná tí ẹ̀rọ kò sì dá a mọ̀, wáyà tó ń gba iná nìkan ni. Ẹ gba òmíràn tó ń gbé dátà. Ẹ tẹ bọ́tìnì PS lórí èkejì, ẹ yan àlejò, ẹ wọ inú géèmù gan-an, kí ẹ rí i pé ojú pín.