Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ dúdú àti ológbò alámì rẹ́súrẹ́sú

Àwọn méjèèjì yìí ló kéré jù nínú gbogbo ológbò inú igbó láyé, wọn ò tiẹ̀ tó ológbò ilé yín. Ẹlẹ́sẹ̀ dúdú wà ní South Africa, Namibia àti Botswana, alámì rẹ́súrẹ́sú wà ní Íńdíà, Sri Lanka àti Nepal. Ti Íńdíà ló tún kéré díẹ̀ sí i, ó sì mọ igi í gùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ọdẹ, háà, ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ni tèmi o! Ojúmọmọ á sùn sínú ihò tí ẹranko mìíràn ti gbẹ́ tàbí inú ọ̀gán tó ti ṣófo, tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí á jáde, á máa wá eku àti ẹyẹ kiri, ó lè pa tó 10 sí 14 kílẹ̀ tó mọ́, tó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹwàá á rí mú bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kìnnìún gan-an ò tó bẹ́ẹ̀. Omi ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún, èyí tó wà lára ẹran tó ń jẹ ti tó o. Ó kàn dùn mí ni pé májèlé táwọn àgbẹ̀ ń dẹ fún akátá ń pa òun náà.