Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀: Windows 10 Ni Àbí Linux Mint?

Ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè nìyí. Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Ní ti ààbò, Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà), èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní.

Word ni ìṣòro Mint, torí a ò lè gbé e sórí Mint bíi ti Windows. LibreOffice, áàpù ọ̀fẹ́ tí Mint ń lò dípò Word, á ṣí fáìlì Word o, ṣùgbọ́n tábìlì lè yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, kí nọ́ńbà ojú ewé sì dàrú. Ta ni súpáfáísọ̀ tó fẹ́ gbọ́ àwáwí yẹn?

Tó bá jẹ́ kóòdù lo ń kọ́, gbé Mint lé e. Ẹni tó ń kọ próójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tàbí tó ń fi CorelDRAW (áàpù iṣẹ́ gíráfíìkì tó ń lo Windows) jẹun n'Íjẹ̀bú-Òde, kó dúró sórí Windows, kó ṣáà má ṣí áàpù báńkì níbẹ̀.