Nọ́sù tuntun 6 fún 911: ìkẹrin ń kán

Ẹ má gbé nọ́sù (ẹnu tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà fọ́n sínú ẹ́ńjìnì) kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kankan láìjẹ́ pé ó fọ́n epo lójú yín. Ṣọ́ọ̀bù sípéà pátì kan nítòsí Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo ti ra 6 fún ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tó ń kó yanrìn. Páálí wọn mọ́, gíríìsì tí wọ́n fi pa wọ́n kò tíì gbẹ, iye tí wọ́n pè kò sì le.

Ilé ni mo ti tú wọn. Epo dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ ni ẹ ó fi fọ gíríìsì yẹn kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n ti jọ lọ abẹ́rẹ́ inú nọ́sù àti ilé rẹ̀ bára mu láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ ilé ẹlòmíì, méjèèjì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fa abẹ́rẹ́ síta dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ dá ilé rẹ̀ dúró ní òòró: ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yọ̀ wọlé. Márùn-ún yọ̀. Ìkẹrin há lágbedeméjì, mo tún un fọ̀, ó wọlé pẹ̀lú ìlọ́ra.

Mo dè é mọ́ ínjẹ́tọ̀, ohun tó ń gbé nọ́sù dúró, mo gbé e lọ sórí tẹ́sítà (ẹ̀rọ tí a fi ń dán nọ́sù wò) ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 200 bar, ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì í, ni ó yẹ kó ṣí. Ẹ fún un ní 180, kí ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ. N kò tíì ka 4 tí ẹ̀kán kan fi yọ, ó wú, ó ń mì, ó já. Epo tó bá ń kán báyìí kì í jó lásìkò: ọkọ̀ á máa dún kọ́-kọ́-kọ́, èéfín funfun á máa jáde láàárọ̀, bó bá sì pẹ́, orí písítìn ni iná máa jẹ.

Ní ọjọ́ kejì mo dá a padà. Ọmọ tó wà nídìí ọjà ní, “Ọ̀gá, ọjà tí ẹ ti tú, a kì í gbà á mọ́.” Mo ní ẹni tí kò tú u, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ó ní bóyá ìdọ̀tí ilé mi ló wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé ìdọ̀tí lè mú un kán, ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé e sórí tẹ́sítà tiwọn nìyẹn. Ó ní tẹ́sítà bàjẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ kíríkíríkírí láti yàrá ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ ohùn yẹn: nọ́sù ló ń fọ́n. Inú bí mi gan-an.

Bàbá tó ń lo tẹ́sítà ló gbọ́ ariwo tó jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. “Gbé e wá, ọmọ mi.” Kò bá mi jiyàn rárá. Ó fún un, ẹ̀kán já. Ó mú òmíràn, ó kọ̀ ọ́, ó mú ìkejì, ó tún kọ̀ ọ́. Ìkẹta ló gbà, èyí tí ihò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́n dọ́gba bí ìkùukùu. Ó wá ní, “Márùn-ún tó kù ńkọ́?” Mo lọ kó wọn wá. Ọ̀kan ṣí ní 175 nítorí sípíríǹgì ínjẹ́tọ̀ náà ti rọ̀. Ó fi wáṣà pẹlẹbẹ kan kún un lábẹ́ sípíríǹgì, ó dé 200. Kò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Ní ẹnu ọ̀nà, ọmọ ìdí ọjà yẹn ní kí n san owó tẹ́sítà. Owó tẹ́sítà fún nọ́sù tí wọ́n tà fún mi ní kíkán! Mo san án. Mo ní kó kọ ọ́ sí rìsíìtì, ó kọ̀.

Dídè é kò le. Ẹ fọ ìdí ínjẹ́tọ̀ kí ẹ tó tú u, kí ẹ di ẹnu páìpù, kí ẹ má sì tẹ páìpù. Wáṣà bàbà àtijọ́ sábà máa ń jókòó sínú ihò; ẹ fi wáyà fà á jáde, nítorí bí tuntun bá gun orí rẹ̀, nọ́sù á ga ju bó ṣe yẹ, epo kò sì ní bọ́ síbi tó yẹ lórí písítìn. Afẹ́fẹ́ inú fíítà (asẹ́ epo) ni ẹ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ti pọ́ǹpù, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà díẹ̀, kí wọ́n máa kíìkì títí tí epo kò fi hó mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ sí iwájú nọ́sù tó ń fọ́n: epo yẹn ń gún awọ wọnú ẹran, ọgbẹ́ tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni ẹ ó gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nísinsìnyí, kíìkì kan láàárọ̀ ó ti dáhùn, èéfín funfun ti lọ, ó sì ń fa yanrìn gun òkè láìráhùn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Bí nọ́sù mìíràn bá di dandan, ibẹ̀ náà ni mo máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo máa gbà wọlé, lọ sọ́dọ̀ bàbá.